Ọ̀dà Kọ́ Ni Oògùn Ògiri Tó Ń Mu Omi

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Aṣẹ̀dá, tí ó fi omi ṣe orísun ìyè fún wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Omi náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe omi inú búútà àlùwàlá. Omi tó wọ inú ògiri ilé wa tí kò sì fẹ́ jáde ni. Láti Èkó dé Ìbàdàn, láti Abẹ́òkúta dé Ìjẹ̀bú, bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ilé pọ̀ tí a ó wọ̀ tí a ó rí i pé ọ̀dà ògiri ń wú, ó sì ń bó. Ìsàlẹ̀ ògiri ti hu nǹkan funfun bí iyọ̀, ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ti dúdú, aṣọ tí a kó pamọ́ ti ń rùn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni pé a ó dúró kí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, a ó pe péńtà, yóò ha ibi tó bó, yóò sì kùn ún. Ilé á dán. Bí òjò ọdún tó ń bọ̀ bá tún dé, ibẹ̀ náà ni yóò tún bó.

Èrò tiwa rèé: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa ra ọ̀dà fún ògiri tó ń mu omi, kò sì yẹ kí ó ra ìgò oògùn ikọ́ kẹta fún ọmọ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà, láìkọ́kọ́ béèrè pé omi yìí, níbo ló ti wá? Bí a kò bá mọ ibi tó ti wá, ìnáwó lásán ni a ń ṣe, àìsàn ni a sì ń fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀ nínú ilé.

Kí ló kan apòògùn nínú ọ̀rọ̀ ògiri?

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ birikílà ni èyí. Ó kan àwa tí a wà ní ilé oògùn náà gidi. Ibi tí ọ̀rinrin bá pẹ́ sí, èbu yóò hù níbẹ̀. Èbu ni olú wẹ́wẹ́ tí a máa ń rí lára búrẹ́dì tó bá ti pẹ́ nílẹ̀. Lára ògiri, ó lè dúdú, ó lè rí bí ewé, ó sì lè funfun bí òwú. Ó máa ń tú kóró tó kéré ju eruku lọ sínú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń fà á símú ní gbogbo òru lè máa sín, imú rẹ̀ lè máa dí, ojú lè máa yún un, kí ó sì máa wúkọ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹni tó bá ní ásímà tẹ́lẹ̀, tirẹ̀ a máa le jù bẹ́ẹ̀ lọ: àyà rẹ̀ á máa dún, á sì máa mí gúlegúle.

Ní ọdún 2009, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí ọ̀rinrin àti èbu nínú ilé. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé ewu àìsàn èémí pọ̀ sí i fún àwọn tó ń gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀, ásímà wọn sì máa ń burú sí i. Wọn kò fi òṣùwọ̀n kankan lélẹ̀ pé bí èbu bá mọ báyìí, kò léwu. Ohun tí wọ́n ní kí a ṣe ni kí a dènà ọ̀rinrin fúnra rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọkàn wa kì í fi í balẹ̀ bí a bá rí ìyá tó ra oògùn ikọ́ ní oṣù tó kọjá, tó tún padà wá ní oṣù yìí, tó sì ń béèrè oògùn apakòkòrò bíi amoxicillin pẹ̀lú rẹ̀. Amoxicillin kò lè pa èbu ara ògiri. Bí a bá sì ń lò ó láìnídìí, kòkòrò àìsàn tó yẹ kí ó pa yóò kọ́ bí a ṣe ń borí rẹ̀. Lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀ gan-an, kò ní ṣiṣẹ́.

Àmì kan wà tí kò gba owó. Ẹ wo ọmọ náà nígbà tó bá lọ lo ìsinmi ní ilé ìyá àgbà. Bí ikọ́ rẹ̀ bá dín kù níbẹ̀, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ tó padà sílé, ẹ lọ wo ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ikọ́ ni ti ògiri o. Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ, kí wọ́n lè ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife pẹ̀lú. Ọmọ tí èémí rẹ̀ bá ń le, tí ihò àyà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, kò gbọ́dọ̀ dúró di ọjọ́ kejì.

Ọ̀nà mẹ́rin tí omi ń gbà wọ ògiri

Ògiri kì í parọ́. Ibi tó ti rin, ìgbà tó ń rin àti bó ṣe rí lójú ni yóò sọ irú omi tó wà lára rẹ̀ fún wa.

Àkọ́kọ́ ni omi tó ń gòkè láti inú ilẹ̀. Ẹ ti igun búrẹ́dì bọ inú tíì, ẹ ó rí i pé tíì yóò gun ibi tí ẹ kò tì bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ ṣe máa ń fa omi ilẹ̀ sókè. Àmì rẹ̀ ni pé ìsàlẹ̀ ògiri ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì sáàbà máa ń gòkè tó ẹsẹ̀ bàtà 3 tàbí 4, kí ó tó dúró. Ibi tó dúró sí yóò fi ìlà sílẹ̀, bí ìlà tí omi fi sílẹ̀ lára agbada tí a dà nù. Iyọ̀ funfun á jáde síta, ọ̀dà á wú, ibi tí wọ́n rẹ́ á máa ya lulẹ̀ bí iyẹ̀fun. Kì í dúró de òjò kan ṣoṣo. Ó lè wà níbẹ̀ látìgbà òjò títí wọ inú ọ̀gbẹlẹ̀. Irú èyí wọ́pọ̀ níbi tí omi ilẹ̀ kò jìn, bíi Ajégúnlẹ̀, Ajáh àti àwọn ibi tí wọ́n fi yanrìn bo ẹrẹ̀ mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó kọ́lé sí i ní Èkó.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń kọ́lé máa ń sọ: "Ilé wa ti dé DPC." Ohun tí lẹ́tà mẹ́ta yìí dúró fún ni ohun tí a tẹ́ sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri tí omi kò gbọdọ̀ lè gbà kọjá. Ṣùgbọ́n ní ibi iṣẹ́ púpọ̀, kọnkéré tí wọ́n dà sórí ìpìlẹ̀ lásán ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sí nọ́lọ́ọ̀nù tó nípọn níbẹ̀, kò sí ohunkóhun mìíràn tó ń dí omi lọ́nà. Kọnkéré lásán náà ń fa omi. Nítorí náà, Alhaji tó ń kọ́lé lọ́wọ́, ẹ lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ náà, kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n fi nọ́lọ́ọ̀nù náà hàn yín kí wọ́n tó to búlọ́ọ̀kù lé e. Owó kékeré ni lọ́jọ́ náà. Bí ilé bá ti parí, ọ̀ràn ńlá ni.

Ìkejì ni omi òjò tó wá láti òkè tàbí láti ẹ̀gbẹ́. Èyí kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ ó rí àmì aláwọ̀ ilẹ̀ lára sílíńgì, tàbí omi tó ṣàn wálẹ̀ láti igun òkè, tàbí ibi tó tutù lábẹ́ fèrèsé. Ìgbà tó ń fara hàn ni ẹ̀rí rẹ̀: òjò rọ̀ lónìí, ó rin lónìí tàbí lọ́la, ọ̀gbẹlẹ̀ dé, ó gbẹ. Páànù tó ti lu níbi ìṣó, gọ́tà tí ewé ti dí, ògiri tó la, ojú fèrèsé tí kò dà síta, ihò tí wọ́n gbà gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọjá tí wọn kò dí, gbogbo wọn ni omi ń gbà wọlé. Àwọn ilé ìgbàlódé tí wọ́n ń mọ ògiri yí òrùlé ká, tí páànù kò hàn síta mọ́, dára lójú púpọ̀, ṣùgbọ́n gọ́tà kọnkéré tó wà lẹ́yìn ògiri náà gba àmójútó. Bí ewé bá dí i, inú ilé ni omi yóò dà sí.

Ẹ tún wo ìta ògiri. Bí wọ́n bá kó iyẹ̀pẹ̀ tì í, tàbí tí wọ́n gbin òdòdó sí ìdí rẹ̀, tàbí tí wọ́n to òkúta àgbàlá títí tí ó fi ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, omi òjò yóò máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Yóò jọ omi ilẹ̀ lójú, nítorí pé ìsàlẹ̀ ni yóò ti rin. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn púpọ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ: ṣọ́bìrì àti agbára ọ̀dọ́ méjì lè tó o.

Ìkẹta ni omi páìpù, balùwẹ̀ àti sókàwéè. Omi yìí kò mọ òjò, kò mọ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ń fẹ́ tí ètè gbogbo ènìyàn ti gbẹ, tí ojú kan lára ògiri yín sì tún ń tutù, páìpù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ó sáàbà máa ń wà lójú kan, lẹ́yìn balùwẹ̀, lẹ́yìn ilé ìdáná, tàbí lábẹ́ balùwẹ̀ ilé òkè, ó sì máa ń fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá ní òórùn, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ omi ìdọ̀tí tàbí sókàwéè tó kún. Eléyìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀rinrin nìkan mọ́, ọ̀rọ̀ nàjíìsì ni pẹ̀lú, ó sì léwu fún kànga àti omi bọhóólù tó bá wà nítòsí.

Ìkẹrin ni omi inú afẹ́fẹ́, òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ẹ gbé ìgò omi tútù jáde nínú fíríìjì, yóò làágùn. Ìgò náà kò jò. Omi inú afẹ́fẹ́ ló dì mọ́ ara rẹ̀ nítorí pé ó tutù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ògiri ṣe máa ń làágùn. Èémí wa, oúnjẹ tó ń hó lórí iná, omi gbígbóná tí a fi wẹ̀, aṣọ tí a sá sínú yàrá nítorí òjò, gbogbo wọn ń da omi sínú afẹ́fẹ́. Bí fèrèsé bá wà ní títì, omi náà yóò wá ibi tó tutù jù lọ láti bà lé. Àmì tirẹ̀ ni èbu dúdú tó-tò-tó ní igun yàrá, lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù tí a fi ti ògiri, lókè balùwẹ̀, àti nínú yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́ mọ́jú. Kì í ní iyọ̀ funfun, kì í sì í ní ìlà. Ilé face-me-I-face-you tí yàrá kan ní fèrèsé kan ṣoṣo, tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn nínú rẹ̀, kò lè ṣe kí ó má ní irú rẹ̀.

Ìdánwò mẹ́ta tí a lè ṣe fúnra wa

Ìdánwò kìíní, ẹ gé bébà fọ́ìlì tí a fi ń wé oúnjẹ, kí ó fẹ̀ tó ojú ìwé ńlá kan. Ẹ nu ojú ògiri náà gbẹ, kí ẹ sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn yíká. Lẹ́yìn ọjọ́ 1 tàbí 2, ẹ wò ó. Bí omi bá wà ní ojú tó kọ sí yàrá, omi inú afẹ́fẹ́ ni. Bí ó bá wà ní ẹ̀yìn tó lẹ̀ mọ́ ògiri, láti inú ògiri fúnra rẹ̀ ló ti ń jáde.

Ìdánwò kejì, lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, nígbà tí gbogbo ará ilé bá ti ṣe tán, ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ má sì tan ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè. Ẹ fi àmì sí ibi tí omi dé nínú tàǹkì. Ẹ tún wò ó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan omi fún àlùwàlá Súbùhì. Bí omi bá ti lọ sílẹ̀, ibì kan ń jò.

Ìdánwò kẹta, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà yí ibi tó rin ká, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sí i. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù 1, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí òjò rọ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kò ní í bá birikílà jiyàn. Ògiri ni yóò bá a sọ̀rọ̀.

A mọ̀ pé nígbà mìíràn ó lè ju ẹyọ kan lọ. Ògiri kan lè máa mu omi ilẹ̀ nísàlẹ̀, kí ó sì máa làágùn lókè. Nítorí náà, ẹ má ṣe dúró síbi àmì kan ṣoṣo kí ẹ sọ pé ó ti tán.

Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé bí ògiri bá ti ń dúdú, tí àwọn ọmọ ń ṣàìsàn, ọ̀rọ̀ ayé ni wọ́n máa ń gbé e sí, wọ́n á máa wá ẹni tí yóò wá ṣe rúkíyà. A kò kọ rúkíyà, ẹ̀sìn wa fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n páìpù tó ń jò, púlọ́ńbà ló ń wá.

Bíbò kì í ṣe àtúnṣe

Bí a kò bá dí omi lọ́nà, gbogbo ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ ògiri yóò padà di ìnira. Ọ̀dà olóròóró kò ní jẹ́ kí ògiri mí. Tàìsì tí a lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ògiri kò lé omi ilẹ̀ lọ. Ó lé e gòkè ni, títí tí yóò fi yọ lókè tàìsì náà. Bákan náà ni ilé alámọ̀ àtijọ́ tí a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ níta àti nínú ṣe máa ń há omi mọ́ra.

Kódà lẹ́yìn tí a bá ti rí ìdí rẹ̀ tí a sì ti tún un ṣe, ògiri nílò àkókò. Òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ sáàbà máa ń lò ni nǹkan bí oṣù 1 fún ìnípọn ínǹṣì 1. Búlọ́ọ̀kù ínǹṣì 9 kò lè gbẹ ní ọ̀sẹ̀ tí a tún un ṣe. Ẹni tó bá kánjú kùn ún yóò tún rí i kó bó.

Níbí ni ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìlera nìkan, tó di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Nínú àkójọ hádíìsì Muslim, láti ọ̀dọ̀ Abu Hurayra, a rí ìtàn bí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe kọjá lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta oúnjẹ lọ́jà. Ó ti ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin ní ìsàlẹ̀. Ọkùnrin náà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì kìlọ̀ gidigidi pé ẹni tó bá ń tan ènìyàn jẹ kò sí lára àwọn tirẹ̀.

Ẹ̀yin onílé tí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ bá wa ro èyí. Ilé tó ń mu omi, tí a kùn ní ọ̀sẹ̀ tí ayálégbé tuntun fẹ́ wá wò ó, kí ni ó fi yàtọ̀ sí oúnjẹ tó gbẹ lókè tó tutù nísàlẹ̀ yẹn? Ẹni náà yóò san owó ọdún 1 tàbí 2, owó àgíríìmẹ́ǹtì àti ti ajẹ́ǹtì, yóò kó ìyàwó àti ọmọ ìkókó wọlé ní ọ̀gbẹlẹ̀. Oṣù kẹfà ni ògiri yóò sọ òótọ́ fún un. A kò sọ pé ẹni tí kò tíì ní owó àtúnṣe kò gbọdọ̀ fi ilé rẹ̀ háyà. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ó kó èyí tó tutù sókè: kí ó sọ ọ́ fún ayálégbé, kí ó dín owó rẹ̀ kù, kí ó sì sọ ìgbà tí àtúnṣe yóò dé.

Ta ni kí á dá lẹ́bi?

Kò yẹ kí a tètè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi kí a tó mọ irú omi tó jẹ́. Ìpìlẹ̀, òrùlé, páìpù àti sókàwéè wà lọ́rùn onílé. Ṣíṣí fèrèsé, gbígbé kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri àti sísá aṣọ síta wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fèrèsé kan ṣoṣo ni onílé fi sí yàrá, tí kò sì sí ihò afẹ́fẹ́ nílé ìdáná, kò lè sọ fún ayálégbé pé kí ó má ṣe dáná, kí ó má sì mí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ nípa èyí, ó sì yẹ kí àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ ọdún 2 kan, Awaab Ishak, tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Sudan, kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2020. Láti ọdún 2017 ni bàbá rẹ̀ ti ń ké sí àwọn tó ni ilé nípa èbu inú ilé wọn. Wọ́n ní kí ó fi ọ̀dà kùn ún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, adájọ́ tó ń wádìí ikú sọ pé èbu tí ọmọ náà ń fà símú fún ìgbà pípẹ́ ló fa àìsàn èémí tó pa á. Ó hàn pé ilé náà kò ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ tó péye fún ìgbé ayé ojoojúmọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ni ilé náà wá gbà pé àwọn ti fi èrò tí kò tọ́ gbé e karí ìṣe ìdílé náà, títí kan bí wọ́n ṣe ń wẹ̀. Inna lillaahi wa inna ilayhi raaji'uun.

Ẹ kò rí i bí? Àìbéèrè pé níbo ni omi ti wá ló jẹ́ kí wọ́n rò pé ìwẹ̀ Mùsùlùmí ló ba ilé jẹ́. Lẹ́yìn ikú ọmọ yìí, wọ́n fi òfin kan tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ kún òfin ilé ìjọba wọn ní ọdún 2023. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ó ti fi àkókò lélẹ̀ fún àwọn tó ni irú ilé bẹ́ẹ̀ láti wá wo ọ̀rinrin àti èbu tó léwu, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé irú ilé wọ̀nyí lọ́hùn-ún, ẹ kọ ìwé sí wọn, ẹ ya fọ́tò, ẹ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Níhìn-ín náà, ó yẹ kí ayálégbé kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́, kí ó sì fi ọ̀wọ̀ gbé e fún onílé.

Mọ́sálásí wa ńkọ́?

Àwa tí a ń ṣe iṣẹ́ àfínnúfíndọ̀ṣe ní mọ́sálásí kò lè sọ̀rọ̀ ilé ẹlòmíràn kí a fi tiwa sílẹ̀. Ibi àlùwàlá tó kan ògiri ibi ìkírun, tí omi rẹ̀ kò ní ọ̀nà tó dára, máa ń fún ògiri náà ní omi lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́. Rọ́ọ̀gì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa rùn. Ibẹ̀ sì ni a ń fi iwájú orí àti imú kàn nínú ìforíkanlẹ̀, títí kan àwọn àgbà tí èémí wọn kò lágbára mọ́. Títú lọ́fínńdà sí i kò tó.

Ìmọ̀ràn tiwa fún àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí ni pé kí wọ́n tó ra rọ́ọ̀gì tuntun, kí wọ́n kọ́kọ́ tún gọ́tà àlùwàlá ṣe, kí ilẹ̀ ibẹ̀ dà kúrò lọ́dọ̀ ògiri, kí wọ́n sì pààrọ̀ ẹ̀rọ omi tó ń jò. Kí wọ́n máa ká rọ́ọ̀gì sókè láti wo abẹ́ rẹ̀ lóṣooṣù ní àsìkò òjò. Kí àwa náà tí a ń ṣe àlùwàlá dín omi kù. A mọ̀ nínú hádíìsì pé nǹkan bí múúdù kan, omi tí kò tó lítà 1, ni Ànábì wa máa ń fi ṣe àlùwàlá. Ẹni tó ṣí ẹ̀rọ sílẹ̀ tí ó ń kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ara ògiri mọ́sálásí ni ó ń da omi sí.

Kí àtúnṣe tó dé

Bí owó àtúnṣe kò bá tíì sí, àwọn nǹkan kan wà tí a lè ṣe lónìí láti dáàbò bo èémí àwọn ọmọ wa. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tó rin. Ẹ fa kọ́bọ́ọ̀dù síwájú díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ ṣí fèrèsé méjì tó kọjú síra bí oòrùn bá ti yọ. Ẹ dé ìkòkò tó ń hó, ẹ ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná, kí ẹ sì ṣí fèrèsé rẹ̀. Ẹ gbá iyẹ̀pẹ̀ àti ìdọ̀tí kúrò ní ìdí ògiri níta, kí ẹ sì kó ewé inú gọ́tà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ nu èbu, ẹ má ṣe fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a, kóró rẹ̀ yóò fọ́n ká gbogbo ilé. Ẹ bo imú àti ẹnu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, kí ẹ sì fi aṣọ tí ẹ rì bọ omi ọṣẹ nù ún. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ. Kí ọmọ kékeré, aboyún àti ẹni tó ní ásímà má sí nítòsí. Bí ẹ bá lo omi afọṣọfunfun bíi Hypo tàbí Jik, ẹ má ṣe pò ó mọ́ nǹkan mìíràn tí a fi ń fọ ilé ìyàgbẹ́ láéláé. Èéfín tó máa jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ sì má gbàgbé pé nínù kò dí ojú omi. Bí omi bá ṣì ń bọ̀, èbu ń bọ̀.

Ẹni tí dókítà kọ inhaler fún kò gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé wọ́n ti tún ògiri ṣe. Kí ó padà lọ rí dókítà. Bí èémí bá ti dára sí i, òun ni yóò mọ bí yóò ṣe dín oògùn kù.

Ẹ̀yin ará wa, ilé tí Ọlọ́hun fi ta wá lọ́rẹ, àmáánà ni. Ọmọ tó ń sùn nínú rẹ̀, àmáánà ni. Kí owó tó ti ọwọ́ wa bọ́ sí ọwọ́ péńtà lọ́dún yìí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ògiri náà, kí a wo ibi tó ti tutù, kí a sì bi ara wa pé ìgbà wo ló ń tutù. Kí Ọlọ́hun Ọba tó ń mú òjò rọ̀ jẹ́ kí ó jẹ́ òjò àlùbáríkà fún wa, kí Ó fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn, kí Ó sì fi ìtura sí àwọn ilé wa. Àmín.